Bàbá Ìbejì, ìyẹn kì í ṣe ibà

Kétu, alẹ́ Ọjọ́ Ajé

Bàbá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta, o kú àárẹ̀ ara. Mo kọ̀ láti fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, torí mo mọ̀ ọ́: ìdajì ni wàá gbọ́, wàá rẹ́rìn-ín, wàá sì fi àwòrán àtàǹpàkò dá mi lóhùn. Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti àtàǹpàkò. Jókòó, kí o kà á. Bí Ìyá Ìbejì bá wà nítòsí, pè é kó wá kà á pẹ̀lú rẹ, torí nínú ẹ̀yin méjèèjì, òun ló ríran lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Lánàá tí a sọ̀rọ̀, nǹkan mẹ́ta lo sọ fún mi bí ẹni pé wọn ò bára wọn tan. Àkọ́kọ́, o ní o yọ eégbọn kan lẹ́yìn orúnkún rẹ ní Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn nígbà tí ẹ ti ibi ẹja pípa dé, pé iná ìṣáná lo fi jó o kó tó já. Nígbà tó yá, o ní ara ń ro ọ́, orí ń fọ́ ọ, ó sì ń rẹ̀ ọ́, ṣùgbọ́n o ti lo oògùn ibà tí o gbé láti ilé. Ìyàwó rẹ wá ń pariwo láti ilé ìdáná pé nǹkan dúdú kan wà lẹ́yìn orúnkún rẹ tó ń fẹ̀ sí i, o sì dá a lóhùn pé àkàbà lo fi gbá. Mo so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, oorun sì dá lójú mi.

Jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ibà kúrò nílẹ̀ ná. Ó di ọdún mẹ́ta tí o ti tẹ ilẹ̀ Kétu kẹ́yìn. Ẹ̀fọn wà ní Connecticut, lọ́dọ̀ yín ní Amẹ́ríkà níbẹ̀, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibà tiwa kò sí nínú ẹnu rẹ̀. Ẹni tí eégbọn jẹ níbẹ̀ nínú oṣù kẹfà, tí ara rẹ̀ wá ń gbóná, eégbọn ló yẹ kó kọ́kọ́ fura sí. Àrùn Lyme, tí eégbọn ń kó ran èèyàn, ni mo ń fura sí. Kòkòrò àìfojúrí tó ń fà á, Borrelia burgdorferi, oògùn ibà kò lè rí i gbé ṣe. Bí ara bá fúyẹ́ fún ọ lọ́tùn-únla, má yọ̀: àrùn náà máa ń fara pamọ́, kó tó tún yọjú níbòmíràn. Òmíràn tún wà tí eégbọn kan náà ń gbé, Babesia, tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ pupa gẹ́lẹ́ bí ti ibà. Bí wọ́n bá fi awò wo ẹ̀jẹ̀, ẹni tí kò bá fara balẹ̀ lè pè é ní ibà, oògùn rẹ̀ sì yàtọ̀. Nítorí náà, má fi nǹkan kan pamọ́ fún wọn: sọ ibi tí o ti wá, ìgbà tí o wálé kẹ́yìn, àti oògùn tí o ti gbé mì.

Ọ̀rọ̀ dúdú ẹ̀yìn orúnkún yẹn gan-an ló gbé mi dìde. Àrùn Lyme máa ń yọ àmì sára. Àwòrán àmì náà tí wọ́n ń fi hàn kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ara òyìnbó ni: òrùka pupa rèǹdèrèǹdè, àárín rẹ̀ mọ́ lóló. Ara tiwa kì í gbé e jáde bẹ́ẹ̀. Ó lè rí bí ibi tí nǹkan gbá, tí ẹ̀jẹ̀ dì sí lábẹ́ awọ. Ó lè dúdú ju ara yòókù lọ, ó lè fẹ́ jọ àwọ̀ àlùkò, ó sì lè má ní òrùka kankan, kó kàn jẹ́ roboto tó ń fẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pẹ́ mọ̀ ọ́n lára aláwọ̀ dúdú; nígbà mìíràn, ó di ìgbà tó bá wọ oríkèé. Má wo àwọ̀ rẹ̀, ìṣe rẹ̀ ni kí o wò. Ọjọ́ 3 sí 30 lẹ́yìn tí eégbọn jẹni ló máa ń yọ, ó sábà máa ń jẹ́ bí ọjọ́ 7. Ó máa ń ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ó sì lè fẹ̀ dé 30. Bí o bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, ó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kì í sábà yúnni, kì í sábà dunni, òun ló fi ń tan èèyàn. Wúlewúle kékeré tó yọ lọ́jọ́ tí eégbọn jẹni, tó ń yún, tó sì lọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ìyẹn kì í ṣe òun. Ibi tí àkàbà gbá ńkọ́? Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ṣe ló ń ṣá, kì í fẹ̀. Àkàbà wo ló ń gbá èèyàn lójoojúmọ́ lójú kan náà?

Fi bíìkì fa ìlà yí etí rẹ̀ ká lálẹ́ òní, kí o kọ déètì sí i. Bó bá kọjá ìlà lọ́la, ẹ̀rí dé. Ṣùgbọ́n má tìtorí ìlà dúró. Lọ́la náà ni kí o lọ rí dókítà. Sọ fún un ní tààrà: eégbọn jẹ mí lọ́jọ́ báyìí, mo yọ ọ́ lọ́jọ́ báyìí, mi ò mọ iye ọjọ́ tó fi wà lára mi, èyí ló yọ lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá ní àfi kí àwọn yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí àwọn tó ṣe ohunkóhun, rọra bá wọn sọ ọ́. Ohun tí ara ń ṣe láti bá àrùn náà jà ni àyẹ̀wò yẹn ń wá, ó sì ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ kejì lè sọ pé kò sí, kó sì wà. Dókítà tó bá mọ iṣẹ́, bó bá ti rí àmì yẹn lára ẹni tó ń gbé Connecticut, yóò bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Doxycycline ni wọ́n sábà ń fún àgbàlagbà, miligíráàmù 100 lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ 10. Bó bá jẹ́ amoxicillin, ọjọ́ 14. Fi omi tó kún ife gbé doxycycline mì, má sì sùn lé e lórí, torí ó máa ń ta ọ̀nà ọ̀fun. Má lò ó pọ̀ mọ́ wàrà tàbí oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní èròjà irin (iron) nínú, ṣóra fún oòrùn, kí o sì lò ó tán. Mo mọ ìwọ àti oògùn àlòṣẹ́kù.

Wọ́n ní ẹyọ ìlò kan tí wọ́n ń fún èèyàn kí àrùn má bàa mú un rárá, miligíráàmù 200 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí 72 tí a yọ eégbọn ni. Tìrẹ ti kọjá. Bí o bá sọ fún mi lọ́jọ́ náà ni! Ó dáa, mi ò ní jà.

Bí ẹnu rẹ bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí àyà rẹ bá ń já lù kìkì tí òòyì sì ń kọ́ ọ, bí ọrùn rẹ bá gan, má dúró de ilẹ̀ mọ́, ilé ìwòsàn pàjáwìrì ni. Nílé níbí, wọ́n á ní wọ́n sa sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ wọ́, wọ́n á sì pe ti orúnkún tó wú ní làkúrègbé. Èèyàn lè ná owó kan náà lọ́nà méjèèjì, kí kòkòrò sì máa jẹun lọ ní tirẹ̀. Ǹjẹ́ o mọ bí wọ́n ṣe mọ àrùn yìí? Orúkọ ìlú kan lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ ni Lyme. Ní nǹkan bí ọdún 1975, àwọn ìyá ló figbe ta pé orúnkún àwọn ọmọ àwọn ń wú lọ́nà tí kò ṣe é ṣàlàyé. Nígbà tó di ọdún 1981 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Willy Burgdorfer, rí kòkòrò náà nínú eégbọn, tí wọ́n fi sọ kòkòrò náà ní orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin ló kọ́kọ́ fura sí àrùn náà, bíi ti Ìyá Ìbejì. Àbí n kò sọ òótọ́?

Òjò ti ba ọ̀nà Ìlárá jẹ́, àgbàdo ti ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, iyàrá rẹ kò jò mọ́, ọlọ́jà gèlè yẹn sì ti lọ́kọ, kì í ṣe ẹni tí a rò.

Ọ̀rọ̀ iná ìṣáná. Bàbá Ìbejì, ọmọ ọdẹ! Bí iná bá ta eégbọn, tàbí tí wọ́n bá fi kẹrosíìnì tàbí fasilín rẹ́ ẹ, ó lè bì sínú ojú egbò, ohun tí a ń sá fún ni yóò sì bì sí i. Ẹ̀mú kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni kí o lò, irú èyí tí àwọn obìnrin fi ń fa irun òkè ojú. Gbá orí rẹ̀ mú níbi tó ti wọ ara gan-an, má mú ikùn rẹ̀ torí ikùn ni àpò. Fà á sókè tààrà, díẹ̀díẹ̀, láìjá a gbà, láìlọ́ ọ. Bí ẹnu rẹ̀ bá ṣẹ́kù sínú awọ tí kò sì ṣe é yọ wẹ́rẹ́, fi í sílẹ̀, awọ yóò tì í jáde fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi abẹ́rẹ́ wa á ló ń fa egbò. Fi ọṣẹ àti omi tàbí sípírítì fọ ojú ibẹ̀ àti ọwọ́ rẹ. Ju eégbọn náà sínú sípírítì tàbí kí o fi sẹ́lótéèpù dì í, kí o sì kọ déètì. Má fi èékánná pa á bí àwọn darandaran Ṣábẹ ṣe ń ṣe. Ẹ̀jẹ̀ inú eégbọn kò mọ́. Nínú àwọn tó ń jẹ màlúù lápá tiwa, àwọn kan ń gbé ibà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ya lára.

Tiyín sì burú torí kò tóbi. Eégbọn màlúù tiwa, ojú kì í fò ó. Ọmọ eégbọn tó ń jẹ èèyàn lọ́dọ̀ yín nínú oṣù karùn-ún sí oṣù keje, kò ju hóró tẹ̀tẹ̀ lọ. Àgbà rẹ̀ dà bí hóró yánmọtí. Kì í fò, kò ní ìyẹ́: orí koríko ló ń dúró sí tó na ẹsẹ̀ iwájú, tó ń gbóòórùn èémí ẹni tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ó sábà máa ń gbà ju wákàtí 24 lọ kí ti Lyme tó ti ara rẹ̀ kọjá sí ara èèyàn, àyè tí a ní nìyẹn. Bí o bá ti dé láti ibi iṣẹ́, ju aṣọ náà sínú ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ, iná rẹ̀ gíga, ìṣẹ́jú 10. Ẹ̀rọ ìfọṣọ tó lo omi tútù kì í pa á, ooru gbígbẹ ló ń pa á. Wẹ̀ láàárín wákàtí méjì. Lẹ́yìn náà, wo abíyá, ìdodo, abẹ́ itan, ẹ̀yìn orúnkún, ẹ̀yìn etí, ibi tí bẹ́líìtì ń dì, àti àárín irun. Irun dídì Ìyá Ìbejì àti ti àwọn ọmọ, ojú ìpín ni kí ẹ fi ọwọ́ wá. Ra permethrin, oògùn apakòkòrò, tó jẹ́ ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún, fi fín sókòtò, ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà, kí o sì sá wọn kí wọ́n gbẹ kí o tó wọ̀ wọ́n. Aṣọ ni tirẹ̀, kì í ṣe ara, má sì jẹ́ kí ológbò súnmọ́ ọn nígbà tó bá ṣì tutù, ó ń pa ológbò. DEET tàbí picaridin, oògùn tó ń lé kòkòrò, ni ti ara. Ki ẹsẹ̀ sókòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo rántí òwe tí a máa ń pa, pé eégbọn so mọ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lẹ́nu, wọ́n ní kí adìẹ wá já a. Lọ́dọ̀ yín, adìẹ ìbá dúpẹ́ pé ẹnu kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ nìkan ló wà. Èyí tó tún pa mí lẹ́rìn-ín, tó sì bà mí lẹ́rù: eégbọn kan wà níbẹ̀, abo rẹ̀ ní ẹyọ àmì funfun kan lẹ́yìn. Ó lè jẹ ẹlòmíràn kí ẹran màlúù, ẹlẹ́dẹ̀ àti àgùntàn di èèwọ̀ fún un. Yóò jẹun tán, wákàtí méjì sí mẹ́fà lẹ́yìn náà, ara rẹ̀ á sú, inú á máa run ún, ọ̀fun rẹ̀ lè dí. Fojú inú wò ó, ìwọ, lọ́jọ́ Iléyá, tí o ń jẹ ẹja.

Ó dára. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ gan-an nìyí, mo ti ń yí i po láti òkè. Fíísà lọ́tìrì àbúrò mi ti jáde. Oṣù kẹjọ ló ń bọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ ni yóò sì kọ́kọ́ dé, lẹ́nu iṣẹ́ koríko gígé yẹn. Ojú ń tì í, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo ẹ̀yìn òun, bó bá sì ń ṣàárẹ̀, yóò ní ibà ni, bí ẹnìkan tí mo mọ̀. Bá mi máa yẹ ara rẹ̀ wò lálaalẹ́, ìwọ ni yóò gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n ara tìrẹ ni kó kọ́kọ́ yá. Ya àwòrán ẹ̀yìn orúnkún yẹn lálẹ́ òní, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, gbé owó ẹyọ kan lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí n mọ bó ṣe tóbi tó, kí o sì fi ránṣẹ́. Ọ̀túnla ni ọjọ́ ọjà, ìyá rẹ yóò sì bi mí léèrè rẹ bó ṣe máa ń ṣe. Mi ò mọ irọ́ pa fún un.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Àlàó