Rẹ̀mí, Ṣí Àwọn Páálí Yẹn

Mọ́kọ́lá,
Ìbàdàn.

Rẹ̀mí ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni Leeds? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé òtútù ò máa dà yín láàmú jù? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọyẹ́ ti ń yọjú láàárọ̀, Ìyá Ṣadé sì ti bẹ̀rẹ̀ orin rẹ̀ ọdọọdún pé kí n kó ẹrù mi kúrò lórí tábìlì ìjẹun kí àlejò Kérésì tó dé.

Mo rí fọ́tò tí o fi ránṣẹ́. Mo kọ́kọ́ ṣèbí ṣọ́ọ̀bù lo wọ̀, àfi ìgbà tí mo rí agbádá ìgbéyàwó rẹ tó há sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú wọ́dúróòbù. Háà! Páálí mọ́dẹ̀lì ike, bààlúù àti mọ́tò tí à ń fọwọ́ tò, kan àjà! Airfix, Tamiya, Revell, Italeri, wọ́n to orí ara wọn, ọ̀rá ara wọn ò tíì já. O wá ní kí n bá ọ yan èyí tí o máa tà àti èyí tí o máa tọ́jú. Èmi ò ní bá ọ yan ìkankan. Ṣí wọn kí o tò wọ́n. Ìgbà wo lo di oníṣọ́ọ̀bù?

Mo mọ ohun tí o máa sọ. O máa ní iye wọn ń gòkè, pé ẹni tó bá ti ṣí páálí ti sọ owó nù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan. Ṣùgbọ́n ẹrù inú páálí yẹn kò dúró sójú kan bí o ṣe rò, ó ń gbó. Wo àwọn decal, àmì tí à ń rẹ sómi kí a tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ mọ́dẹ̀lì, inú àwọn tí o rà látọjọ́ pípẹ́. Lẹ́ẹ́lẹ́ẹ́ tó gbé lẹ́tà àti àmì dání á ti di pupa rúsúrúsú, tí o bá sì rẹ ẹ́ sómi, ó lè já wẹ́wẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Èyí tó bá ti pọ́n, kó o sínú láílọ́ọ̀nù, fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì fèrèsé kí oòrùn máa pa á, rúsúrúsú yẹn á ṣí díẹ̀díẹ̀. Tí oòrùn Leeds ò bá tó, fi wọ́n ránṣẹ́ síbí. Ọ̀fẹ́ ni oòrùn Ìbàdàn.

Ti táyà ló wá burú jù. Àwọn táyà rírọ̀ tó máa ń wà nínú mọ́dẹ̀lì mọ́tò, kẹ́míkà tí wọ́n fi mú wọn rọ̀ máa ń jáde lára wọn, ike tó bá sì fara kàn wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Mo ti rí rímù tí táyà jẹ wọnú, nínú páálí tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn rí. Torí náà, bí o bá tiẹ̀ kọ ìmọ̀ràn mi yòókù, kó gbogbo táyà sọ́tọ̀ lálẹ́ òní, kí o dì wọ́n sínú láílọ́ọ̀nù tiwọn.

Àwòrán ojú páálí ló mú ọ, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí Roy Cross yà fún Airfix láti 1964 títí di 1974, èmi náà lè jókòó tì wọ́n di alẹ́. Kò burú, gé ojú páálí náà, kọ́ ọ sára ògiri, kí o wá tò èyí tó wà nínú rẹ̀.

Ní tèmi, Spitfire Mark XII, bààlúù ogun Gẹ̀ẹ́sì, ló wà lọ́wọ́ mi báyìí, 1/48, ìyẹn ìdá kan nínú 48 gidi rẹ̀. Má tíì rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé èmi ni mo máa ń bú ọ pé Spitfire ni ṣáá, Spitfire ni ṣáá, ṣùgbọ́n tiwa-n-tiwa lèyí. Nígbà ogun Hitler, ẹgbẹ́ kan wà nínú ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ No. 91 (Nigeria) Squadron. January 1941 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Hawkinge, ní Kent, wọ́n sì fi orúkọ Nàìjíríà pè é nítorí owó tí àwọn èèyàn wa níbí dá fún ogun náà. Ìtàn àwọn tó lọ jà ní Bọ́mà la máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà, ti owó yìí ò wọ́pọ̀ lẹ́nu wọn. Bóyá ṣílè bàbá ẹnì kan ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀sun wà níbẹ̀, ta ló mọ̀?

Mark XII tí wọ́n gbé fún wọn ní 1943 kì í ṣe Spitfire tó wọ́pọ̀, 100 péré ni wọ́n ṣe. Wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì Merlin, wọ́n fi Griffon sí i, wọ́n sì gé etí apá rẹ̀ méjèèjì kúrú kó lè máa yára yí nísàlẹ̀, torí àwọn Focke-Wulf Jámánì tó ń fò rẹlẹ̀ wá ju bọ́ǹbù sí àwọn ìlú etí òkun ni wọ́n ń lé. Nígbà tó di 1944, tí Mark XIV ti dé ọwọ́ wọn, bọ́ǹbù tó ń dá fò, V-1, ni wọ́n ń lé kiri ojú ọ̀run. Lẹ́tà DL ló wà lára bààlúù ẹgbẹ́ náà. DL yẹn ni mo fẹ́, àlàyé rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ ni àwọ̀: ewé àti eérú lókè, eérú tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ̀yin lẹ̀ ń wọ ṣọ́ọ̀bù tí ìgò ọ̀dà kéékèèké tò lọ bẹẹrẹ, tó jẹ́ pé nọ́ńbà lẹ máa dá. Àràrọ̀mí ni tèmi, ní Agodi Gate, láàárín àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Mo bá ọ̀gbẹ́ni kan tó ń po ọ̀dà níbẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹ káàbọ̀. Mọ́tò wo ni?”

“Bààlúù ni.”

Ó wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀. “Ṣé Alákíà ló wà ni?”

“Àpò mi ló wà.” Mo yọ apá Spitfire jáde.

Rẹ̀mí, gbogbo ìsọ̀ ló pé lé mi lórí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fọwọ́ kàn án, ẹnì kan tiẹ̀ béèrè bóyá ó ń mu epo. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ọkùnrin yìí gba fóònù mi, ó fẹ fọ́tò Spitfire tó wà níbẹ̀ títí ó fi kún ojú fóònù, ó wá ṣí agolo eérú kan. Ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kán búlúù sí i, ó rò ó, ó kán dúdú sí i, ó tún rò ó. Ó fi díẹ̀ pa ara páálí funfun kan, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Mo ní ó ti bá a mu. Ó ní, “Ẹ jẹ́ ó gbẹ ná, sà. Àwọ̀ tútù máa ń parọ́.” Ó gbé páálí náà jáde sójú oòrùn, torí ó ní èèyàn kì í mọ àwọ̀ lábẹ́ ìbòji. Lóòótọ́, nígbà tó gbẹ, ó ti dúdú ju ti fọ́tò lọ. Ó kán funfun sí i, a tún padà sínú oòrùn. Ìgò oògùn ikọ́ ló bù ú sí fún mi, ó sì kọ “bààlúù” sára rẹ̀.

Ọ̀dà mọ́tò yìí lágbára o. Tínà rẹ̀ máa ń jẹ ike, torí náà fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ ni mo ń fín in, kí ó gbẹ, kí n tún fín in. Kò sì ṣeé fín nígbà òjò. Bí afẹ́fẹ́ bá ti tutù, ọ̀dà á funfun lára bí ẹni tí kò pa ìpara. Bí ọyẹ́ bá sì wá mú gidi, eruku á bà lé e kó tó gbẹ. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó wà láàárín òjò àti eruku yìí ni mo ní láti fi ṣiṣẹ́ ọ̀dà, àsìkò yìí gan-an ni Ìyá Ṣadé sì ń lé mi kúrò lórí tábìlì. Mo ń fín in lẹ́yìn ilé ní kùtùkùtù, mo wá ń fi báàfù dé e mọ́lẹ̀ títí á fi gbẹ. Báàfù yẹn náà ti di ẹjọ́.

Mùfútáù, ọmọ ìsàlẹ̀ ilé wa, ti di ọmọ iṣẹ́ mi. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí ni, “Dádì Ṣadé, ṣé ó máa fò?” Mo ní rárá. Ó ní, “Kí lẹ wá fẹ́ fi ṣe?” Ìyá Ṣadé tó wà ní kíṣìnì ní kí n dáhùn kí òun náà gbọ́.

Nígbà tó fẹ́ mọ bí 1/72 ṣe jẹ́, mo mú téèpù. Cocoa House tó máa ń rí ní Dùgbẹ̀ yẹn, mítà 105 ni gíga rẹ̀. Pín in sọ́nà 72, kò ní pé mítà kan ààbọ̀. Mo wọn Mùfútáù mọ́ ògiri: Cocoa House fi díẹ̀ ga jù ú. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà Cocoa House ńkọ́? Sẹ̀ǹtímítà 2.5. Ìyẹn yé e ju gbogbo ìṣirò lọ. Ló bá tún ní ta ló sọ pé kí ti táńkì ogun máa jẹ́ 1/35, kí ló dé tí kò jẹ́ 1/30? Mo sọ fún un pé nígbà tí Tamiya ń ṣe táńkì Panther ní 1961, wọ́n fẹ́ kí mọ́tò kékeré àti bátìrì gba inú rẹ̀, bátìrì yẹn ló sọ bí ó ṣe máa tóbi tó, nígbà tí wọ́n sì wọ̀n ọ́n tán, ó bọ́ sí nǹkan bíi 1/35. Àwọn ilé iṣẹ́ yòókù tẹ̀ lé wọn. “Bátìrì!” Ó lọ ròyìn fún gbogbo ọmọ àdúgbò. Mo fi kún un pé òòyà ni Airfix ń ṣe kí wọ́n tó ṣe tirakítọ̀ Ferguson kékeré ní 1949. Èyí ni kò gbà gbọ́.

Ohun tó mú un mọ́ iṣẹ́ gan-an ni àbẹ́là. Mo gé igi kan lára férémù ike tí ẹ̀yà ti tán lára rẹ̀, mo ní kó di etí rẹ̀ méjèèjì mú, kó máa yí i lókè iná, kó má jẹ̀ẹ́ kí iná gbá a. Láìpẹ́ àárín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dán, ó wá ń tẹ̀. Mo ní, “Gbé e kúrò. Mí lẹ́ẹ̀kan. Fà á.” Ó fà á, ike náà nà láti ọwọ́ òsì dé ọwọ́ ọ̀tún, ó tín-ín-rín débi pé ó gbọ́dọ̀ gbé e sún mọ́ fèrèsé kó tó rí i. Ẹni tó bá fà á kíákíá á rí i bí irun, ẹni tó bá rọra fà á á rí eyí tó le dúró. Eyí tó le yẹn la gé, a fi ṣe eríàlì Land Rover 1/35 tó wà lọ́wọ́ mi.

Land Rover yìí ló mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí. Nínú fọ́tò rẹ, nísàlẹ̀ pátápátá, Land Rover Series III ti Revell wà níbẹ̀, 1/24, páálí mẹ́ta jókòó lé e lórí. Rẹ̀mí, Bàbá rẹ tó ṣiṣẹ́ ní Leyland Nigeria níbí nígbà kan, gidi rẹ̀ ni wọ́n máa ń tò nígbà náà! Mo gbé tèmi dání lọ kí wọn ní Mólété lọ́jọ́ Sunday. Wọ́n yọ awò ojú, wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀ kí wọ́n tó wo òkè rẹ̀.

“Kí lo kọ́kọ́ tò?”

“Ṣáàsì, sà.”

“Ó dáa.”

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní inú àpótí igi ni àwọn ẹ̀yà náà máa ń wà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á ti mọ ohun tó wà nínú àpótí kí wọ́n tó tú u. Wọ́n ń fi ìka ka àwọn nọ́ọ̀tì tí kò sí lára tèmi. Mo sọ fún wọn pé o ní ńlá kan ní Leeds tí o kò tíì ṣí. Wọ́n ní, “Kí ló ń dúró dè?” Èmi ò mọ èsì tí mo lè fọ̀ fún wọn. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé tí o bá fẹ́ kó rí bí èyí tó ti ṣiṣẹ́, o ò gbọdọ̀ fi àwọ̀ ìdógùn-ún kun ilẹ̀kùn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí àwọn kan ṣe ń ṣe, torí alumíníọ̀mù ni wọ́n. Ṣáàsì ló ń dógùn-ún, àti irin iwájú tí gíláàsì jókòó lé. Àwọ̀ tí o bá fẹ́, kọ ọ́ ránṣẹ́, mo ti ní ènìyàn ní Àràrọ̀mí.

Tí ẹ bá ń bọ̀ ní December, bá mi wá decal tó ní DL fún Mark XII, 1/48. Fi í sáàárín ìwé líle kó má ká. Má wulẹ̀ kó gọ́ọ̀mù sẹ́rù o, ó ń gbaná, wọn ò ní jẹ́ kó wọ bààlúù. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ṣì tó mi lò. Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ dáadáa. Bàbá ní kí o pe àwọn ní Sátidé, kí o má pè wọ́n ní àsìkò ìròyìn.

Èmi ni,
Wálé.