Ẹ Bá Wa Kọ Ọ́ ní Yorùbá Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Iṣẹ́ Ọnà

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìgbà tí a ti Èkó dé ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń gbé mi nínú, mo sì rí i pé bí mi ò bá kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín, kò ní jẹ́ kí n sinmi.

Ìyá mi ló fà á. Ẹni ọdún 78 ni wọ́n. Àwọn tó ń ná Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́ nígbà tí wọ́n ṣì ń ta òwú àti aró á rántí irú wọn: obìnrin tó mọ òwú tí yóò já lójú òfì kó tó já. Láti kékeré ni wọ́n ti ń hun kíjìpá lórí òfì tí wọ́n máa ń gbé dúró ti ògiri yàrá, títí ojú fi ní òun ò lè bá wọn tẹ̀lé òwú mọ́.

Lóṣù tó kọjá, a lọ sí Èkó fún ìkómọ ọmọ àbúrò mi ọkùnrin. Lọ́jọ́ kejì ìkómọ, àbúrò mi ní kí a gbé ìyá wa lọ wo ilé ọnà ìgbàlódé kan. Mi ò ní dárúkọ ilé náà, torí pé ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé kan ṣoṣo, inú wa sì dùn pé a lọ síbẹ̀.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé la máa ń pe mùsíọ́mù lédè wa, mo sì mọ̀ pé ère àtijọ́ àti ìlù gbẹ̀du ni ìyá mi ń retí. Ṣùgbọ́n ibi tí a dé yìí, púpọ̀ nínú àwọn tó ṣe iṣẹ́ ibẹ̀ ṣì wà láyé. Iṣẹ́ Bruce Onobrakpeya wà níbẹ̀, bàbá tí wọ́n bí ní 1932. Àwòrán Yusuf Grillo wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tó kú ní 2021. Ìyá mi dúró níwájú àwòrán Grillo, wọ́n wo àwọn obìnrin tó wé gèlè nínú rẹ̀, gbogbo ara wọn rọ́bọ́rọ́bọ́ nínú àwọ̀ búlúù, wọ́n ní, "Aró rèé. Wọ́n rẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta ó kéré tán." Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìyá mi kò ṣeré. Ojú tí wọ́n fi ń wo aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò ni wọ́n fi ń wò ó.

Lẹ́yìn náà la wá dé iwájú iṣẹ́ El Anatsui, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Gánà.

Ẹni tí kò bá tíì rí i rí, kó fojú inú wo aṣọ kan tó bo ògiri láti òkè dé ilẹ̀, tó ń dán bíi wúrà, tó ní pupa níhìn-ín, dúdú lọ́hùn-ún, tó ká kòrókòró bíi ìró tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀. Bí èèyàn bá sún mọ́ ọn, kì í ṣe aṣọ rárá. Ìdérí ìgò ọtí ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Wọ́n lu àwọn kan pẹlẹbẹ, wọ́n ṣẹ́ àwọn kan po, wọ́n lọ́ àwọn kan bí òwú, wọ́n dá ihò sí wọn létí, wọ́n sì fi wáyà bàbà tín-ín-rín so wọ́n mọ́ra níkọ̀ọ̀kan.

Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa lẹ́nu ọ̀nà pé a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìyá mi ká ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń fojú tẹ̀lé wáyà yẹn láti ìdérí kan dé òmíràn. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ẹni tó ṣe èyí, ìdílé aláṣọ híhun ló ti wá." Wọ́n tún gbójú sókè wo bó ṣe rọ̀ sílẹ̀ lára ògiri, wọ́n ní wọn ò nà án tán, wọ́n fi sílẹ̀ kó máa ká bó ṣe wù ú, pé bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ ṣe ń ṣe. "Aṣọ ò ní ìrísí tirẹ̀. Ẹni tó ró o ló ń fún un ní ìrísí."

Wọ́n wá na ìka sí ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Olóòtú, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ síbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tó nípọn, irú èyí tí wọ́n ń kọ fún ara wọn ní yunifásítì. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ ọmọ níléèwé, síbẹ̀ mo dúró síbẹ̀, mo ń wá ọ̀rọ̀ kiri. Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ méjì, mo fo ọ̀kan. Ìgbà tí mo dé ìsàlẹ̀ ni mo wá rí i pé ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ọkùnrin yìí kì í fún iṣẹ́ rẹ̀ ní ìrísí kan pàtó, pé ó máa ń gbà kí àwọn tó ń gbé e kọ́ yàn bí wọ́n ṣe fẹ́ kó ká. Ohun tí ìyá mi ti sọ tán nìyẹn kí n tó mú ojú kan ìwé náà. Ìwé náà kò wulẹ̀ fún wọn láyè láti mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ.

Nígbà tí a délé ni mo rí i kà pé bàbá El Anatsui ń hun kẹ́ńtè ní Gánà, àwọn kan nínú àwọn arákùnrin rẹ̀ sì ń hun ún. Orí mi wú.

Ọmọbìnrin kan ló ń mú wa kiri nínú ilé náà, ọmọ tó ní ọ̀yàyà. Gẹ̀ẹ́sì ló ti ń bá wa sọ láti ẹnu ọ̀nà. Mo bi í bóyá ó gbọ́ Yorùbá, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí ìyá mi, ó ní, "Ẹ má bínú mà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ wa." Ìyá mi ní, "Ọmọ mi, bó bá ṣe wá sí ọ lẹ́nu ni kóo máa sọ ọ́." Ó bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń kọsẹ̀, nígbà tó yá ó ń lọ geere. Ó sọ fún wa pé ọdún 1975 ni El Anatsui bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní yunifásítì Nsukka, pé ìdérí ìgò yìí kì í ṣe fún ẹwà nìkan, torí pé ọtí wà lára ohun tí àwọn òyìnbó kó wá sí etíkun wa, tí wọ́n fi ń ra èèyàn.

Ìyá mi dákẹ́.

Mo wá bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá náà ti sún mọ́ wa. Obìnrin kan tó gbé ọmọ ọ̀gá rẹ̀ pọ̀n, tó ti jókòó sórí àga láti ìgbà tí a ti wọlé, dìde wá. Dírẹ́bà kan náà wá. Ẹ̀ṣọ́ yẹn sọ fún mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé ọdún kẹta òun rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn, pé òun rò pé wọ́n kàn fi ṣe ilé lẹ́ṣọ̀ọ́ ni. Ọdún mẹ́ta! Ọkùnrin tó ń ṣọ́ iṣẹ́ náà lójoojúmọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kàn án.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju èyí lọ. Kí ilé ọnà tó bá wà nílẹ̀ Yorùbá kọ Yorùbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi tó kí àgbàlagbà lè rí i kà, kí àwọn tó ń mú àlejò kiri sì lè sọ ọ́. Kí Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ o, àlejò pọ̀ ní Èkó. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí onílé máa tọrọ ìtumọ̀ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan á sọ, torí wọ́n ti sọ ọ́ fún mi lóríṣiríṣi. Wọ́n ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún irú iṣẹ́ ìgbàlódé bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, èdè tó mọ ìyàtọ̀ láàárín ọnà, ère, àwòrán, àrà àti ọ̀ṣọ́, tó ní orúkọ fún aró tó fẹ́rẹ̀ dúdú àti èyí tó ṣì mọ́lẹ̀, èdè yẹn ni kò ní lè sọ pé ìdérí ìgò àti wáyà bàbà ni wọ́n fi ṣe nǹkan? Nígbà tí mo bi ìyá mi bí wọ́n ṣe máa kọ iṣẹ́ tí wọ́n fi igi, irin, aṣọ àti ìwé ṣe pọ̀, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi ọ̀rọ̀ méjì, 'mixed media', pè, wọ́n ní, "Kí wọ́n ka ohun tó wà nínú rẹ̀." Kò sí ohun tó tún ṣe kedere jùyẹn lọ.

Ní Bilbao, nílẹ̀ àwọn Basque ní Spéènì, wọ́n ṣí ilé ọnà ìgbàlódé Guggenheim ní 1997. Àwọn tó ń sọ èdè Basque kò tó mílíọ̀nù kan, síbẹ̀ èdè náà wà lára ògiri ilé náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èdè Spéènì. Ní Wales, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba ń kọ èdè Welsh pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Àwa tí a ń sọ Yorùbá, mílíọ̀nù lọ́nà ogójì èèyàn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wá.

Ó sì kan àwa tí a wà níhìn-ín ju bí èèyàn ṣe lè rò lọ. Ìkẹ́rẹ́ kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Ní ààfin Ògògà níbẹ̀ ni ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ wà kí wọ́n tó gbé e lọ síbi àfihàn kan ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924. British Museum gbà á, wọ́n sì fi àga ọba tí wọ́n kàn nílẹ̀ òyìnbó ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ kú ní nǹkan bí 1938. Ní 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan jókòó ti ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó Ọlọ́wẹ̀, màmá náà sì ki oríkì ọkọ wọn fún un. Nínú oríkì yẹn ni púpọ̀ nínú ohun tí ayé mọ̀ nípa ọkùnrin náà ti wá. Yorùbá ni màmá yẹn fi kì í. Ìmọ̀ náà jáde lẹ́nu wa, ó wọ inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, kò sì tíì padà wálé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rowland Abíọ́dún, ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ ọ́ níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé ayé pé ẹni tó bá yọ èdè kúrò nínú ọnà Yorùbá kò lè mọ ọnà náà.

Ọ̀wọ̀ náà ni mo rò pé a ti lè bẹ̀rẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà níbẹ̀ láti 1968. Ibẹ̀ ni wọ́n ti hú àwọn ère amọ̀ Igbó Lájà jáde nílẹ̀, iṣẹ́ tí Ekpo Eyo, awalẹ̀pìtàn, darí. Oǹdó sì ní yunifásítì ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ tí a ń fi orúkọ Adéyẹmí pè. Bí wọ́n bá kó akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá mẹ́wàá àti akẹ́kọ̀ọ́ ọnà mẹ́wàá jọ fún sáà kan ṣoṣo, kí wọ́n sì wá ìyá aláró méjì àti bàbá agbẹ́gilére kan jókòó tì wọ́n, wọ́n á kọ ohun tó máa kún ògiri ilé kan. Iye tó máa ná wọn kò tó owó àsè ìṣílé.

Nígbà tí a padà dé Àkúrẹ́, ìyá mi ṣí àpótí wọn, wọ́n mú kíjìpá kan jáde láàárín kánfọ̀. Aró ti ṣá díẹ̀ létí, ṣùgbọ́n ojú híhun rẹ̀ ṣì le koko. Àwọn ọmọ mi fi ìṣó kọ́ ọ sára ògiri pálọ̀, mo wá jókòó, mo kọ ìwé pélébé kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ̀yin náà lè rí i pé kò le:

"Kíjìpá. Òwú tí a fi ọwọ́ ran, tí a rẹ sínú aró. Abala mẹ́ta ni, a fi abẹ́rẹ́ so wọ́n pọ̀. A hun ún ní Àkúrẹ́ ní 1969, lórí òfì àdúró, ní oṣù méjì. Ìyàwó tuntun ni wọ́n hun ún fún, òun fúnra rẹ̀ ló sì hun ún."

Mo kà á sí ìyá mi létí. Wọ́n tẹ́tí sílẹ̀ dé òpin. Wọ́n ní, "Orúkọ mi ńkọ́?"

Mo ti kọ ọ́ kún un.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ kan, nítòsí Ọjà Ọba, Àkúrẹ́