Ìyá ọmọ wà níbẹ̀, ẹ ò béèrè ọmú rẹ̀

Sí Olóòtú,

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ibi tó bá le nínú rẹ̀. Ìyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bímọ ní oṣù tó kọjá ní ilé ìwòsàn ìjọba kan nílùú Ìbàdàn níbí. Oyún náà kò tíì ju oṣù méje lọ. Wọ́n gbé ọmọ lọ sí yàrá àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé, wọ́n gbé ìyá lọ sí wọ́ọ̀dù lókè. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti kọ ìwé nǹkan rírà lé bàbá ọmọ lọ́wọ́: òwú, páńpásì, abẹ́rẹ́, gúlúkóòsì, mílíìkì agolo. Mílíìkì agolo! Ìyá ọmọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì lókè, ọmú rẹ̀ ti ń kún, kò sí ẹnì kan tó bi í bóyá ó lè fún un sínú ife kí wọ́n gbé e lọ fún ọmọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ikùn ọmọ wú, ó le gbandi. Ó ń bì ohun tó rí bí ewé, ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Àwọn dókítà ní NEC ni, àìsàn tó ń jẹ ìfun ọmọ tuntun. Wọ́n dá oúnjẹ dúró, wọ́n fi omi sí i lára, wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ibẹ̀ ló ṣì wà.

Agbẹ̀bí ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, n kò sì ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ tó ń mu ọmú nìkan náà lè ní àìsàn yìí bí oṣù rẹ̀ kò bá pé. Ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ lára èyí tí wọ́n ń fi mílíìkì agolo bọ́ ju èyí tó ń mu ọmú lọ, kò sì sí ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tí kò tó kílò kan ààbọ̀ ló ń bá jà jù. Nínú àwọn tó bá mú, bí ẹyọ kan nínú mẹ́rin ló ń kú, kódà ní ìlú tí irinṣẹ́ ti pé.

Àwọn kan rò pé oúnjẹ lásán ni ọmú. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gbàrà tí a bá ti bí ọmọ ni àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ń rọ́ wọ inú ìfun rẹ̀: láti ara ìyá, láti orí ọmú, láti ọwọ́ gbogbo ẹni tó bá gbé e. Wọn kì í ṣe ọ̀tá ọmọ tán. Àwọn tó dára jù fún un ni wọ́n ń pè ní bifidobacteria, tí Henri Tissier ará Faransé ti rí nínú ìgbẹ́ àwọn ọmọ tó ń mu ọmú láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Irú ṣúgà kan wà nínú omi ọmú tí inú ọmọ fúnra rẹ̀ kò lè dà. Kí wá ni Ọlọ́run fi í síbẹ̀ fún? Oúnjẹ àwọn kòkòrò rere yìí ni. Tí wọ́n bá jẹ ẹ́ yó, wọ́n á gba ààyè, wọ́n á sọ inú ìfun di kíkan, kòkòrò burúkú kò ní ráyè jókòó.

Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ló nílò èyí jù, òun náà ni a sì ń fi dù. Awọ ìfun rẹ̀ fẹ́lẹ́, kò tíì gbó. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fún un láti ọjọ́ tó dáyé ń pa ti rere mọ́ ti búburú. Kòkòrò ilé ìwòsàn, tí oògùn ti mọ́ lára, ni yóò kọ́kọ́ bá a. Bí ìwọ̀nyí bá pọ̀ níbẹ̀, ìfun á wú, apá kan rẹ̀ á kú, nígbà mìíràn á dá lu, iṣẹ́ abẹ ló kù. Ìyá ọmọ sì wà lókè!

Ẹ̀yin tó wà nípò, gbogbo oṣù kẹjọ lẹ ń rán aṣọ kan náà fún ọ̀sẹ̀ ìfọ́mọlọ́mú, ẹ ń ya fọ́tò. Òfin tó de àwọn tó ń polówó mílíìkì agolo wà ní Nàìjíríà láti ọdún 1990. Ta ló ń lò ó? Ìwádìí ìjọba fúnra rẹ̀ ní ọdún 2018 sọ pé nínú ọmọ 100 tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, bí 29 péré ló ń mu ọmú nìkan. Kí ni ẹ ti wá fi fọ́tò yẹn ṣe? (Ẹ̀yin ìyá ọkọ tó ń da ọmú àkọ́kọ́ tó pọ́n nù pé ó dọ̀tí, tó ń rọ àgbo sí ọmọ ọjọ́ mẹ́ta lẹ́nu, ẹ̀bi tiyín náà wà níbẹ̀.)

Ohun tí mo ń fẹ́ ni ilé ìpamọ́ omi ọmú, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmú tí àwọn abiyamọ fi tọrẹ fún ọmọ tí kò rí ti ìyá rẹ̀ mu. Ìyá míì ti kú, òmíràn wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ, òmíràn kò tíì rí ọmú fún. Ọmọ wọn kò gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ agolo nítorí ìyẹn. Láyé àwọn ìyá wa, bí abiyamọ bá kú, obìnrin mìíràn nínú ẹbí á gba ọmọ náà sí ọmú. Brazil dá ilé ìpamọ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Rio de Janeiro ní 1943. Lónìí, ó lé ní 200. Ní àwọn ìlú kan níbẹ̀, àwọn panápaná ló ń lọ gba ọmú náà nílé àwọn tó fi í tọrẹ. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà wò fún HIV, àrùn ẹ̀dọ̀ àti rẹ́kórẹ́kó, wọ́n á mú ọmú náà gbóná ní ìwọ̀n 62.5 Celsius fún ìṣẹ́jú 30, wọ́n á sì gbé e sínú fìríísà. Kò ju fìríísà, iná oòrùn, ẹ̀rọ ìgbóná àti nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Owó mọ́tò ọ̀gá kan ṣoṣo lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwa Mùsùlùmí yóò sọ: ọmọ tó bá mu ọmú obìnrin kan náà ti di ọmọ ìyá, wọn kò gbọdọ̀ fẹ́ra. Òótọ́ ni. Ẹ má da ọmú obìnrin púpọ̀ pọ̀ sínú ìgò kan nígbà náà. Ẹ kọ orúkọ sílẹ̀, kí ẹbí méjèèjì mọ ara wọn, kí ìwé wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ pe àwọn àáfà jókòó kí ẹ tó ṣí i, ẹ má dúró di ìgbà tí ìjà bá dé.

Kí omi àti ọṣẹ wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá àwọn ọmọ náà. Kí ẹ máa gbé ọmọ lé ìyá láyà, ara kan ara, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Bogotá, lórílẹ̀-èdè Colombia, ní 1978. Ìyẹ̀fun kòkòrò rere tí àwọn kan ń tà nínú sáṣẹ́ẹ̀tì, ẹ má kàn rà á fún ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé láìsí àṣẹ dókítà; ní 2023, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ lórí rẹ̀.

Kí wọ́n tó kọ́ ilé ìpamọ́ kankan, ife àti àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìnkubétọ̀ kò gba ìpàdé ìgbìmọ̀. Àwa agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì pọ̀ ní Ìbàdàn. Ẹ pè wá, a óò wá kọ́ àwọn abiyamọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ fún ọmú, a ò ní gba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín,
Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.