Ìkéde: Ìrìn-Àjò Kẹ̀kẹ́ sí Ushafa

A fi àsìkò yìí sọ fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Àbújá pé ìrìn-àjò kẹ̀kẹ́ wa sí Ushafa, nítòsí ìsédò Usuma tí ìlú wa ti ń rí omi mu, yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago 6 òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, a ó sì sùn mọ́jú níbẹ̀ kí a tó padà ní ọjọ́ Àìkú.

Kò sí ọkọ̀ tí yóò tẹ̀lé wa. Kálukú ni yóò di àgọ́, oúnjẹ àti omi tí kò dín ní lítà 3 sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọyẹ́ ti dé, òru yóò tutù, nítorí náà ẹ má ṣe gbàgbé aṣọ òtútù.

Táyà ló jẹ mí lógún jù. Nígbà tí a jáde kẹ́yìn, ẹnìkan kò mú tíúbù mìíràn dání, gbogbo wa sì dúró nínú oòrùn fún wákàtí 2 gbáko. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú tíúbù 2 àti pọ́ǹpù wá, kí ẹ sì yẹ bíréèkì wò dáadáa, torí òkè pọ̀ níhà Bwari.

A ó kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ olórí ìlú kí a tó pàgọ́. Kí ẹni tó ń lọ fi orúkọ ránṣẹ́ sí akọ̀wé kí Ọjọ́bọ̀ tó parí.