Oòrùn Ilẹ̀ Wa Kọ́ Ló Pa Ọkọ̀ Ìjàpá

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣe iṣẹ́ ìwé ìròyìn yìí. Mo ka àròkọ kan tí ẹ tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí òǹkọ̀wé náà ti ń ṣàlàyé ìdí tí ọkọ̀ Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá fi pòórá lójú títì wa. Ó ní ẹ́ńjìnnì tí kò lo omi kò lè fara da oòrùn ilẹ̀ wa, ó sì fi kún un pé ẹni tó bá ṣì ń tún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe lóde òní kàn ń da owó àti àkókò rẹ̀ sí kòtò ni. Ti ìkejì yẹn, mi ò ní bá a jiyàn. Ìyàwó mi náà ti ń sọ ọ́ ó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ kì í ṣe òótọ́ rárá, èmi tí mo sì ti ń fi ọwọ́ ara mi tọ́jú Ìjàpá kan láràárọ̀ láti ọdún mọ́kànlá tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó yẹ kí n lè sọ ohun tí ojú mi rí.

Bàbá mi ló ra ọkọ̀ náà ní tuntun lọ́dún 1978. Èkó ni wọ́n ti tò ó, ní ilé iṣẹ́ Volkswagen tó wà ní Ọ̀jọ́ lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹta ọdún 1975. Ó ti pẹ́ tí wọn kò ti to Ìjàpá níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n títí dòní ni àwọn kọ̀ńdọ́ ń pariwo “Volkswagen” bí ọkọ̀ wọn bá ti ń sún mọ́ ibùdókọ̀ tó wà níbẹ̀, mo sì rò pé púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ni kò mọ̀ pé orúkọ ọkọ̀ ni. Nígbà tí bàbá mi jáde láyé, abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé ni ọkọ̀ náà wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, koríko hù gba inú bọ́ńpà rẹ̀ jáde, adìẹ sì sọ ìjókòó ẹ̀yìn di ibi tí ó ń yé sí. Ibẹ̀ ni mo ti wọ́ ọ jáde.

Kí n tó sọ tèmi, mo fẹ́ bi òǹkọ̀wé yín léèrè: bí ó bá jẹ́ pé oòrùn ló ń pa ẹ́ńjìnnì yìí, báwo ló ṣe yè níbi tí oòrùn ti mú ju tiwa lọ? Ferdinand Porsche, tó ṣètò ọkọ̀ náà ní Jámánì ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, mọ̀ọ́mọ̀ yan ẹ́ńjìnnì tí atẹ́gùn ń tù lára ni, nítorí pé omi a máa di yìnyín lọ́hùn-ún nígbà òtútù, a sì máa hó nígbà ooru. Nígbà tí ogun náà dé, irú ẹ́ńjìnnì yìí kan náà ló wà nínú ọkọ̀ Kübelwagen tí àwọn ọmọ ogun Jámánì ń wà kiri nínú aṣálẹ̀ Líbíà àti Íjíbítì, níbi tí omi mímu pàápàá ti ṣọ̀wọ́n. Ní Brazil, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Fusca, wọ́n ṣe é títí di ọdún 1986. Lọ́dún 1993, ààrẹ wọn, Itamar Franco, ló rọ ilé iṣẹ́ náà pé kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, wọ́n sì ń ṣe é lọ títí di 1996. Ní Mẹ́síkò, Ìjàpá ni takisí tó kún ìgboro olú ìlú wọn nígbà kan, ìlú Puebla ní ilẹ̀ náà ni èyí tó kẹ́yìn pátápátá sì ti jáde ní oṣù keje ọdún 2003, tí gbogbo èyí tí wọ́n ti ṣe láyé fi jẹ́ 21,529,464. Ilẹ̀ òtútù kọ́ ni àwọn ibi tí mo kà sílẹ̀ yìí.

Ohun tó ń pa á lọ́dọ̀ tiwa ni páànù tí wọ́n ń yọ dànù. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi wà. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá, tó wà ní ẹ̀yìn ọkọ̀, kò ní rédíétọ̀. Fáànù ńlá kan ló wà lókè rẹ̀ tí bẹ́líìtì kan ṣoṣo ń yí. Fáànù yìí ni yóò fa atẹ́gùn tútù wọlé láti ojú ihò tó wà lábẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn, tí yóò sì rọ́ ọ gba ara sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí epo ti ń jó nínú wọn lọ sísàlẹ̀, kí ooru lè bá abẹ́ ọkọ̀ jáde. Kí ooru tó ti bọ́ sísàlẹ̀ má bàa tún gòkè padà wá bá fáànù, àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà fi oríṣiríṣi páànù pẹlẹbẹ yí eteetí ẹ́ńjìnnì ká, wọ́n sì fi rọ́bà dí àlàfo tó kù láàárín páànù àti ara ọkọ̀. Òkè jẹ́ yàrá tútù, ìsàlẹ̀ jẹ́ yàrá gbígbóná, páànù yẹn sì ni ògiri tó wà láàárín wọn. Bí ẹ bá ti yọ ọ́, ooru tí fáànù ṣẹ̀ṣẹ̀ lé jáde náà ni yóò tún máa fà wọlé, bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná mọ́ra, tó wá ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ èéfín síra rẹ̀ lójú.

Àwọn páànù yìí gan-an ni àwọn mẹkáníìkì wa kì í dá padà bí wọ́n bá ti sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Nọ́ọ̀tì wọn máa ń dípẹtà, wọn kì í jẹ́ kí ọwọ́ ráyè dé ìdí plọ́ọ̀gì, ọkọ̀ náà yóò sì ṣì sítáàtì wẹ́rẹ́ láìsí wọn. Ìyẹn ló ń tanni jẹ.

Ọdún kejì tí mo wọ́ ọkọ̀ náà jáde lábẹ́ máńgòrò ni mo gbé e fún mẹkáníìkì kan tí mi ò ní dárúkọ, kí ó bá mi tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ dára lójú mi lọ́jọ́ tí mo lọ gbé e. Kò ju oṣù mẹ́rin lọ tí ọkọ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, tí kò lè gun òkè Mókọ́lá mọ́, nígbà tí a sì ṣí i, fáàfù tó ń tú èéfín jáde ní sìlíńdà kẹta ti jó. Ẹni tó bá mọ Ìjàpá á ti mọ̀ pé sìlíńdà kẹta ló máa ń kọ́kọ́ jìyà, nítorí pé nínú àwọn ti àtijọ́, kúlà tó ń mú kí ọ́ìlì tutù dúró sójú ọ̀nà atẹ́gùn tó ń lọ bá a. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù náà láti béèrè páànù mi. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, àwọn páànù yẹn kàn ń dí wa lọ́wọ́ ni. Òtútù ìlú òyìnbó ni wọ́n ṣe fi wọ́n síbẹ̀.” Mo tú àkìtàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, mo rí méjì. Ẹ̀kẹta, tó tóbi jù, ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń sun àgbàdo lẹ́nu ọ̀nà wọn ni mo ti bá a: ó fi gbé ẹ̀gbẹ́ ààrò rẹ̀ ró kí atẹ́gùn má bàa da iná rẹ̀ rú. Nínú gbogbo àwa tí a wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìyá yẹn nìkan ló mọ iṣẹ́ tí páànù náà wà fún. Mo ra àgbàdo márùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi páànù náà ṣe ènì fún mi.

Láti ìgbà náà ni mo ti ra sípánà tèmi, tí n kò sì fi ìtọ́jú ọkọ̀ náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ mọ́. Kò ju ìdajì wákàtí lọ lójúmọ́. Mo máa ń tẹ́ páálí sábẹ́ ẹ́ńjìnnì di ilẹ̀ mọ́, iye ẹ̀kán ọ́ìlì tó bá wà lórí rẹ̀ sì ni ìròyìn àkọ́kọ́ tí mo ń kà lójúmọ́, kí n tó ra ìwé ìròyìn yín. Ẹ̀kán méjì mẹ́ta kò já mọ́ nǹkan kan. Ìjàpá tí kò bá jò rárá, ẹ lọ wò ó, ó ṣeé ṣe kí ọ́ìlì ti tán nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni n ó fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ, nítorí pé lítà méjì àbọ̀ péré ni ẹ́ńjìnnì náà ń gbà, asẹ́ lásán ló sì ní láti fi sẹ́ ìdọ̀tí inú rẹ̀. N ó fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì wò: bí ó bá wọlé tó nǹkan bíi mìlímítà 15, ó dára, bí ó bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò jẹ béárìn jẹnẹrétọ̀ tó ń fi iná sí bátìrì, bí ó bá sì dẹ̀, fáànù kò ní yí bó ṣe yẹ. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, láàárọ̀ kùtù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù bí omi àmù, n ó ṣí ìdérí méjèèjì tó bo àwọn fáàfù, n ó sì fi fíilà géèjì 0.15 mìlímítà, irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo, yẹ tápẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ̀ọ̀jọ tó ń ti fáàfù wò. Èyí tó bá ń dún kì í bà mí lẹ́rù. Èyí tó bá dákẹ́ jù ni mo ń bẹ̀rù, nítorí pé fáàfù tí kò ráyè jókòó dáadáa ni fáàfù tí iná yóò jẹ, kì í sì í pariwo kó tó jó.

Bẹ́líìtì yẹn já lọ́nà Ifẹ̀ lọ́jọ́ kan, ní kété tí mo kọjá afárá Aṣéjíre. Iná pupa kékeré tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù tàn, mo sì pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí pé bẹ́líìtì tó ń yí jẹnẹrétọ̀ náà ló ń yí fáànù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni yóò rò pé ọ̀rọ̀ bátìrì lásán ni, tí wọn yóò máa wà á lọ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gan. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ tí mo ń tú nọ́ọ̀tì púlì, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì tó wà nínú ọkọ̀ Tòkunbọ̀ kan dúró. Wọ́n ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá. Ṣé rédíétọ̀ yín ló jò ni? A ní omi lọ́wọ́.” Mo dúpẹ́, mo ní kí wọ́n gbé omi náà wá. Mo mu ún. Nígbà tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín tán, tí mo sì fi ibi tí rédíétọ̀ kò sí hàn wọ́n, bẹ́líìtì tuntun ti wọlé, a sì jọ kúrò níbẹ̀.

Mi ò sọ pé iṣẹ́ náà kò ní wàhálà tirẹ̀. Ẹnì kan ti ta bẹ́líìtì ẹ̀rọ ata fún mi rí gẹ́gẹ́ bíi bẹ́líìtì Ìjàpá. Rọ́bà tí epo bẹntiróòlù ń gbà kọjá nínú ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ gbó mọ́ ọn lára, torí pé ó lè dá iná sílẹ̀, mo sì máa ń pààrọ̀ tèmi lọ́dọọdún, ìbáà ṣì dára lójú. Bátìrì tún wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, èyí tí mo gbàgbé lọ́jọ́ tí mo gbé àwọn àǹtí mi mẹ́ta lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Sípíríǹgì ìjókòó wọlẹ̀ kan orí bátìrì, àǹtí mi àgbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé ta ló ń sun ẹran. Láti ọjọ́ náà ni rọ́bà inú táyà ti wà lórí bátìrì mi.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín ni pé kí ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí jáde, kí ó lè dáhùn ti òǹkọ̀wé yín. Mo sì ń bẹ ẹnikẹ́ni tó bá ń kà á, tí Ìjàpá bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, pé kí ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò lónìí, kí ó tó pe àwọn tó ń ra irin àlòkù. Bí páànù tó wà lápá ọ̀tún, lójú ibi tí páìpù èéfín ti ń jáde, bá ṣì wà níbẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì yín pé òun ní in. Tèmi ti ń jẹrà, àgbàdo mélòó ni ẹni náà bá sì fẹ́, n ó rà á.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ fẹ̀yìntì, Ìbàdàn.