Inú kíṣíìnì wa ni ìdọ̀tí gọ́tà ti ń bẹ̀rẹ̀

Olóòtú mi, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ọ̀rọ̀ àgbàrá àti gọ́tà tí ẹ máa ń gbé jáde tí òjò bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí, torí mo máa ń ka ohun táwọn èèyàn ń sọ sí i, gbogbo wọn ló ń bá ìjọba wí, kí ìjọba wá kó gọ́tà, kí ìjọba gbé ibi ìdalẹ̀nù wá. Òótọ́ ni, ìjọba ní tiẹ̀ láti ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dúró wo gọ́tà rí lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́ á rí i pé ọ̀rá piọ wọ́tà, ike mínírà, páàkì ìrẹsì àti pámpáàsì ọmọ ló kún ibẹ̀, ilé wa sì ni gbogbo ẹ̀ ti jáde.

Àwa ará Ìbàdàn kọ́ ló yẹ kẹ́nì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ìtàn omi fún. Àwọn àgbà tó wà nílé lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980 mọ ohun tí odò Ògùnpa fojú wa rí, Omíyalé ni wọ́n ń pè é títí dòní. Lọ́jọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011 ó tún ṣẹlẹ̀, omi gbé afárá Àpẹ́tẹ́ níbí lọ, àwọn tó kú káàkiri ìlú lé ní 100. Mi ò sọ pé ọ̀rá nìkan ló fà á o, òjò yẹn pọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn sì ti kọ́lé sójú odò, ṣùgbọ́n omi tí kò bá rọ́nà gbà, inú ilé ló ń yà sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò piọ wọ́tà nìkan. Ogún ló wà nínú bágì kan. Ilé tó bá ń mu bágì kan lóòjọ́, kí oṣù tó parí, ọ̀rá 600 nilé yẹn ti jù nù, mi ò tíì ka ọ̀rá ńlá tí wọ́n fi dì í mọ́ ọn, ẹ wá wo iye ilé tó wà ní àdúgbò kan ṣoṣo. Ẹni tó bá rí owó ẹ̀ ná, kó ra ike omi ńlá tí wọ́n máa ń pààrọ̀, ike kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀. Ẹni tí kò bá rí i, kó se omi kó hó dáadáa, kó jẹ́ kó tutù, kó dà á sínú àmù. Ẹ gbé àmù yẹn sí kọ̀rọ̀ tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kẹ́ ẹ dé e, omi ẹ̀ á tutù láìsí nẹ́pà.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ gbogbo ilé fún gan-an ni pé kí wọ́n gbé nǹkan méjì sí kíṣíìnì, ọ̀kan fún ohun tó ń jẹrà, èkejì fún ọ̀rá àti ike. Ẹ má jẹ́ kí tútù àti gbígbẹ pàdé. Tí ọbẹ̀ àná bá ti ta sí ọ̀rá, tí èèpo iṣu ti jẹrà mọ́ ike, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ fọwọ́ kàn án mọ́, àmọ́ tí ike bá mọ́ tó sì gbẹ, àwọn tó ń rà á kiri á rà á, àwọn tó ń ṣa á gan-an á ti kó o kó tó dé gọ́tà.

Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìdí ẹ̀fọ́, èèpo ẹyin, ẹ má da ìkankan nù níbẹ̀. Ẹni tó ń sin ewúrẹ́ ti mọ ibi tí èèpo iṣu ń gbà. Àwa tí a ò sin nǹkan kan, ẹ wá rọ́bà pẹ́ńtì tó ti gbó, ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ìdí àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ níhò níhò. Ẹ da ewé gbígbẹ díẹ̀ sísàlẹ̀, ẹ da èèpo lé e, ẹ tún fi ewé gbígbẹ tàbí erùpẹ̀ bò ó, bẹ́ẹ̀ lẹ ó ṣe máa tò ó lọ. Ẹ má fi ẹran tàbí ẹja sí i, ẹ má sì da ohun tí epo wà nínú ẹ̀ síbẹ̀, torí eku àti eṣinṣin. Tó bá ń rùn, omi ló pọ̀ jù, ewé gbígbẹ ló ń fẹ́. Tó bá gbẹ jù, ẹ wọ́n omi sí i. Ẹ máa fi igi rò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Láàárín oṣù mélòó kan á dúdú, òórùn ẹ̀ á dà bí ti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, ó ti di ajílẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi gbin ata tàbí ewédú sínú àpò sìmẹ́ǹtì lẹ́bàá ògiri, kẹ́ ẹ wá wò ó.

Ọ̀rọ̀ mọ́ínmọ́ín ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀. Ewé ṣì wà lọ́jà Bódìjà, àwọn ìyá tó ń tà á ṣì ń dì í ní ìdì ìdì, síbẹ̀ ọ̀rá ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń bu mọ́ínmọ́ín sí báyìí, wọ́n á ní ewé ń jò, wọ́n á ní kò sáyè. Ewé kì í jò lọ́wọ́ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n pọ́n. Ẹ nù ún, ẹ fi méjì lé ara wọn, ẹ ṣẹ́ ìdí ẹ̀ sẹ́yìn kẹ́ ẹ tó bu ẹ̀wà sí i, igi tẹ́ ẹ gé kúrò lára ẹ̀ sì nìyẹn, ẹ tò ó sísàlẹ̀ ìkòkò kí mọ́ínmọ́ín má baà jóná. Tá a bá jẹun tán, ewé wọnú rọ́bà ajílẹ̀. Ọ̀rá ńkọ́? Púpọ̀ nínú ọ̀rá tí a ń lò yẹn, wọn ò ṣe é fún sísè rárá, kẹ́míkà ara ẹ̀ lè wọnú oúnjẹ, a sì ń bù ú fọ́mọ jẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sun ọ̀rá mọ́. Àwọn èèyàn á gbálẹ̀ àyíká tán, ó mà dáa o, wọ́n á wá kó gbogbo ẹ̀ jọ, wọ́n á ṣáná sí i. Májèlé ló wà nínú èéfín dúdú yẹn, ẹni tó ní ikọ́ fée ládùúgbò ò ní lè mí, ọmọ jòjòló náà ń fà á símú nínú yàrá.

Ti iná ò le. Ẹ yọ gílóòbù olómi ọsàn 60 watt, ẹ fi LED 9 watt síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, yúníìtì tí wọ́n ń jẹ lórí mítà ò sì dọ́gba rárá. Ẹ rẹ ẹ̀wà mọ́jú kẹ́ ẹ tó sè é, ẹ dé ìkòkò, gáàsì á pẹ́ lọ́wọ́ yín. Omi òjò orí páànù náà, ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ fọ ìdọ̀tí lọ ná, kẹ́ ẹ tó gbé dúrọ́ọ̀mù sí i, ẹ fi aṣọ bò ó nítorí ẹ̀fọn, ó dára fún ìfọṣọ, ẹ sì tún lè fi omi ìfọṣọ yẹn ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Olóòtú, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá wa ṣe rèé. Ẹ rán àwọn akọ̀ròyìn yín lọ bá àwọn tó ń ra ike àti ọ̀rá ní Ìbàdàn, kí wọ́n béèrè ibi tí wọ́n ń jókòó sí ládùúgbò kọ̀ọ̀kan, iye tí wọ́n ń ra kílò kan, àti irú ike tí wọn ò gbà, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde fún wa. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń da ike sí gọ́tà ni ò mọ̀ pé ẹnì kan wà tó máa fowó gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kó jáde kí òjò tó wọlé.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Àpẹ́tẹ́, Ìbàdàn.