Ṣé O Fọ̀ Ọ́ Kí O Tó Wọ̀n Ọ́n?

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń pè ọ́ tí o kò gbé e. Màmá rẹ ní kí n fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀, pé iṣẹ́ ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ara òun náà le, ó ti gba jígí ojú tuntun. Òrùlé ẹ̀yìn tó ń jò, a ti tún un ṣe. Àbúrò rẹ ń kí ọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ ló bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní o lọ́ acrylic acid, kẹ́míkà olómi tó fẹ́ omi, mọ́ òwú pọ́lísítà, pé ìwọ̀n òwú náà fi ìdá 40 nínú 100 lé sí i, ọ̀gá rẹ sì ń yìn ọ́ káàkiri. Inú mi dùn. Nígbà tó di òru, oorun dá lójú mi. Ṣé o fọ̀ ọ́ kí o tó wọ̀n ọ́n?

Mo mọ̀ pé o kàwé jù mí lọ. Àmọ́ iṣẹ́ yìí ni mo fi tọ́ ọ. Pọ́lísítà kì í fẹ́ omi: 100 gíráàmù rẹ̀ kì í gba ọ̀rinrin tó ààbọ̀ gíráàmù, nígbà tí òwú gidi ń gbà tó bíi 8. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lọ́ ohun tó fẹ́ omi mọ́ ọn lára, bí àgbẹ̀ ṣe ń lọ́ ẹ̀ka igi kan mọ́ igi mìíràn. Ṣùgbọ́n acrylic acid kì í dúró de òwú. Bí ooru bá ti mú un, tí benzoyl peroxide, kẹ́míkà tó ń tanná ìsopọ̀ náà, sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, apá kan á so mọ́ òwú, apá kan á kàn so mọ́ ara rẹ̀ nínú omi, á ki bí àtè, á lẹ̀ mọ́ òwú bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Òṣùwọ̀n kò mọ ìyàtọ̀. Omi gbígbóná ló mọ̀ ọ́n. Fọ̀ ọ́, da omi nù, tún un fọ̀, gbẹ ẹ́ títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní yí padà mọ́. Bí 40 bá di 12, 12 náà ni tìrẹ.

Ọ̀rẹ́ rẹ tún ní acrylic acid yín dì nínú òtútù, o sì gbé ìgò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná kó lè yọ́. Ta ló kọ́ ọ nírú ìyẹn? Bíi 13 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ló ti ń dì, oògùn tí wọ́n pò mọ́ ọn kó má baà máa so mọ́ ara rẹ̀ nínú ìgò kì í sì bá a dì. Ibi tí oògùn kò sí nínú ìgò náà, tí iná bá kàn án, ó lè bú gbàmù. Má dán an wò mọ́, Àdùkẹ́! Má sì dá nìkan ṣiṣẹ́ lóru.

Àbí o rò pé ìwé ni mo ti rí ọ̀rọ̀ fífọ̀ yìí? Nígbà tí mo wà níléeṣẹ́, èmi náà wọn òwú tí mi ò fọ̀. Oṣù ti ń parí, wọ́n ń retí nọ́ńbà, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Aṣọ náà mu aró, ó dán. Lẹ́yìn ìfọ̀ kẹta, aró bá omi lọ, aṣọ padà di bó ṣe wà. Wọ́n bi wá ta ló wọ̀n ọ́n. Ọmọkùnrin tó ń bá mi gbé òṣùwọ̀n ni wọ́n lé. Mo wà nínú yàrá yẹn, Àdùkẹ́. Mo ń wo bàtà mi.

Màmá rẹ kò mọ̀. Má sọ fún un.

O gbọ́n, o sì máa ń kánjú. Ọwọ́ mi lo ti rí i.

Bí o bá ti fọ̀ ọ́, má wulẹ̀ dá èsì lẹ́tà yìí padà. Kàn gbé fóònù lálẹ́ Sátidé, kí n gbọ́ ohùn rẹ.

Bàbá rẹ.